Kí Ni Dráìfù Mọ́tò Ń Sọ Nígbà Tó Bá Pa Ara Rẹ̀? Ẹ Ka Kóòdù Kí Ẹ Tó Tẹ Rísẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí ẹ̀rọ kan tó ń darí mọ́tò. Mọ́tò tí à ń wí kì í ṣe èyí tó ń kó èrò láti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde o. Ẹ̀rọ tó ń lo iná láti yí nǹkan ni: èyí tó ń yí ayùn ní sọ́ọ̀mìlì, tó ń fa omi láti inú bọ́hólù, tó ń po ìyẹ̀fun ní ilé búrẹ́dì.

Ẹ̀rọ tó ń darí mọ́tò yìí, àwọn kan ń pè é ní VFD, àwọn kan ń pè é ní ìnfátà, ọ̀pọ̀ oníná sì ń pè é ní dráìfù. Dráìfù ni àwa náà ó máa pè é, kí a má baà dà á pọ̀ mọ́ ìnfátà inú ilé tó ń lo bátìrì.

Wàhálà ibẹ̀ rèé. Iṣẹ́ ń lọ, dráìfù á ṣàdédé pa ara rẹ̀, á kọ lẹ́tà tàbí nọ́ńbà kan sójú. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ á tẹ rísẹ́ẹ̀tì. Á tún pa. Á tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹrin tàbí ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ẹ ó gbọ́ “gbàá!”, èéfín á jáde, owó dráìfù tuntun sì dọ́rùn ọ̀gá. Gẹdú á wà nílẹ̀, ẹni tó fẹ́ ra pákó á bá tirẹ̀ lọ, àwọn òṣìṣẹ́ ojúmọ́ á sì padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Ohun kan tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ lónìí ni pé pípa tí dráìfù pa ara rẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Àmì àìsàn ni. Àwọn àgbà ní bí iná ò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ ò lè tán léèékánná. Títẹ rísẹ́ẹ̀tì láìwá ìdí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ èékánná lẹ ń nù yẹn.

Kí ló wà nínú dráìfù?

Iná wa máa ń lọ, ó sì máa ń bọ̀, nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ni 50 Hz. Eré mọ́tò dúró lórí nọ́ńbà yìí. Ẹ fi 120 sọ Hz di púpọ̀, kí ẹ fi iye póòlù mọ́tò pín in. Mọ́tò onípóòlù 4 lórí 50 Hz yóò fún yín ní 1,500 yíyí ní ìṣẹ́jú kan (irin mọ́tò fúnra rẹ̀ á rẹlẹ̀ díẹ̀, bíi 1,450). Tí ẹ bá sọ Hz di 25, ó di 750. Ẹni tó bá lè yí Hz padà ti lè yí eré mọ́tò padà nìyẹn. Iṣẹ́ dráìfù gan-an nìyí, kì í sì í ṣe nǹkan àná: láti 1968 ni iléeṣẹ́ Danfoss ní Denmark ti ń ṣe é jáde lọ́pọ̀ fún títà.

Inú rẹ̀ pín sí mẹ́ta:

1. Ẹnu ọ̀nà. Àwọn dáyóòdù ló wà níbẹ̀. Wọ́n ń sọ iná AC, èyí tó ń lọ tó ń bọ̀, di DC, èyí tó ń lọ sí apá kan ṣoṣo.
2. Àmù. Àwọn kàpásítọ̀ ńlá ni wọ́n ń tọ́jú iná DC yìí, bí àmù ṣe ń tọ́jú omi nílé. Tí iná tó wọlé bá jẹ́ 400 V, èyí tó wà nínú àmù á tó 565 V. Tó bá jẹ́ 230 V ló wọlé, á tó 325 V.
3. Ẹnu ìjáde. Súwíìṣì mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní IGBT ló wà níbẹ̀. Wọ́n ń ṣí, wọ́n ń tì, lọ́pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí wọ́n lè fi iná inú àmù ṣe AC tuntun tó ní Hz tí ẹ fẹ́. Ojú U, V àti W ni iná yìí ń gbà lọ bá mọ́tò.

Ẹ má gbàgbé àmù yìí o. Òun ni yóò ṣàlàyé ìdajì nínú ohun tó kù.

Kí ló dé tó fi ń yára pa ara rẹ̀?

IGBT lágbára, àmọ́ kò ní sùúrù. Tí wáyà mọ́tò bá ṣẹ́, tó kan ara wọn, ẹ pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí mílíọ̀nù kan: bí ìdá mẹ́wàá péré níbẹ̀ ni IGBT lè fara dà kó tó jóná. Kò sí bíréékà tó lè yára tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dráìfù fi ń ṣọ́ ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, tó sì ń ti gbogbo súwíìṣì rẹ̀ pa lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ rísẹ́ẹ̀tì nígbà tí wáyà ṣì kan ara wọn, ẹ tún ń fi IGBT sínú iná yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ̀mí ṣáájú: dráìfù tí a pa kò tíì kú

Tí ẹ bá ti pa bíréékà, iná ṣì wà nínú àmù. 565 V DC lè pa èèyàn. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára dráìfù; ọ̀pọ̀ ní kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 5, àwọn ńláńlá ní 10 tàbí 15. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi mítà sí DC, kí ẹ wọn ojú + àti ojú −. Àfi tó bá ti sún mọ́ òdo ni kí ọwọ́ yín tó wọ ibẹ̀. Kí mítà náà sì jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún fóltéèjì tó ga bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe oníná, kó ka kóòdù, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó pe oníná. Kò sí ìtìjú ńbẹ̀.

Ohun tí kóòdù ń sọ

Kóòdù pọ̀, àmọ́ ìdílé méje ni èyí tó wọ́pọ̀ jù:

- Fóltéèjì ga jù: àmù kún àkúnwọ́sílẹ̀.
- Fóltéèjì lọ sílẹ̀ jù: àmù ń gbẹ.
- Kọ́rẹ́ǹtì ga jù: nǹkan kan fa iná lójijì ju agbára IGBT lọ.
- Ẹrù pọ̀ jù: mọ́tò ń fa ju ohun tó yẹ lọ, kò pọ̀ lójijì, àmọ́ ó pẹ́. Ọ̀pọ̀ dráìfù lè gbé ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ẹrù rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan péré.
- Ooru pọ̀ jù: dráìfù fúnra rẹ̀ ló gbóná.
- Iná ń jò sílẹ̀: wáyà tàbí mọ́tò ti kan irin tàbí omi níbì kan.
- Féèsì sọnù: ọ̀kan nínú féèsì mẹ́ta kò wọlé, tàbí kò jáde.

Ẹ ṣọ́ra o, iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní èdè tirẹ̀. Lórí Siemens V20, F3 ni pé fóltéèjì lọ sílẹ̀. Lórí ABB ACS355, F0003 ni pé ooru pọ̀ jù. Lórí Altivar ti Schneider, USF ni fóltéèjì lọ sílẹ̀, OCF ni kọ́rẹ́ǹtì ga jù, ObF sì ni fóltéèjì ga jù nígbà tí mọ́tò ń dúró. Torí náà, ẹ wá ìwé dráìfù tiyín gan-an sórí fóònù. Ẹ má fi ìwé aládùúgbò ka tiyín.

Kóòdù nìkan kò tó ṣá. Ìbéèrè kejì tí ẹ gbọ́dọ̀ bi ara yín ni pé: ìgbà wo ló pa? Ṣé nígbà tó fẹ́ gbéra ni? Ṣé nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ni? Àbí nígbà tó fẹ́ dúró? Ẹ jẹ́ ká gbé ìbéèrè yìí káàkiri agbègbè wa. Àpẹẹrẹ ni a ó máa fi ṣe o.

Ìjẹ̀bú-Igbó: ayùn, eré àti ìyẹ̀fun pákó

Ta ló fẹ́ sọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó tí kò ní mẹ́nu ba gẹdú? Ká ní ẹnì kan fi dráìfù sára ẹ̀rọ ìlagi tí wọ́n ń pè ní CD. Kẹ̀kẹ́ irin ńláńlá ló ń gbé ayùn rẹ̀ yí.

*Ó ń pa nígbà tó fẹ́ dúró, ó ní fóltéèjì ga jù.* Àwọn kan á ní iná NEPA ló ga. Rárá o! Kẹ̀kẹ́ tó wúwo kì í fẹ́ dúró bọ̀rọ̀. Nígbà tí dráìfù bá ń dín Hz kù kíákíá, kẹ̀kẹ́ ló máa wá máa ti mọ́tò, mọ́tò á di jẹnẹrétọ̀, á máa da iná padà sínú àmù. Dáyóòdù kò sì gbà kí iná padà síta. Àmù á máa kún títí yóò fi kọjá bíi 800 V, dráìfù á sì pa. Oògùn rẹ̀ ni kí ẹ fi kún àkókò ìdúró: tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 5, ẹ gbìyànjú 30. Tó bá pọn dandan kí ayùn tètè dúró, ẹ fi rẹsístọ̀ bíréèkì sí i. Òun ni yóò sọ iná tó ṣẹ́kù di ooru.

*Ó ń pa nígbà tó fẹ́ gbéra, ó ní kọ́rẹ́ǹtì ga jù.* Ẹ wo àkókò ìgbéra, bóyá ó kúrú jù. Ẹ wò ó bóyá gẹdú ti fẹ̀gbẹ́ kan ayùn, bóyá bíárìn ti há. Mọ́tò tí a so mọ́ iná tààrà ń fa ìlọ́po 5 sí 8 kọ́rẹ́ǹtì rẹ̀ nígbà tó bá ń gbéra. Iṣẹ́ dráìfù ni láti rọ̀ ọ́ wá pẹ̀lẹ́. Tí ẹ bá ní kó sáré dé 50 Hz láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ ti gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

*Ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, ó ní ooru pọ̀ jù.* Ẹ wo fáànù àti irin tó ń tú ooru ká lẹ́yìn dráìfù. Ìyẹ̀fun pákó á ti dí i pa. Ọ̀pọ̀ dráìfù ni wọ́n ṣe fún afẹ́fẹ́ tí kò kọjá 40°C, abẹ́ páánù lọ́sàn-án sì lè kọjá ìyẹn. Ẹ pa á, ẹ dúró kí àmù gbẹ, ẹ fi afẹ́fẹ́ gbígbẹ fẹ́ ẹ. Ẹ gbé e sínú àpótí tí eruku kò lè wọ̀, kí ẹ sì wá ọ̀nà tí ooru á fi jáde níbẹ̀. Ìṣirò àwọn oníná ni pé gbogbo ìgbà tí ooru bá fi 10°C lé sí i, ọjọ́ ayé kàpásítọ̀ ń dín kù sí ìdajì.

Àgọ́-Ìwòyè: bọ́hólù ilé akẹ́kọ̀ọ́

Láti 1982 tí wọ́n ti dá yunifásítì sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè (Ogun State University nígbà náà, Olabisi Onabanjo University láti 2001), ilé akẹ́kọ̀ọ́ ti pọ̀ nílùú, bọ́hólù sì ń bẹ nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ká ní pọ́ǹpù féèsì mẹ́ta ló wà nínú ọ̀kan, dráìfù sì ń gba 230 V féèsì kan wọlé.

*Ó ń pa ní ìrọ̀lẹ́, ó ní fóltéèjì lọ sílẹ̀.* Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ilé ló ń fa iná. Tí 230 bá di 160 V, àmù tó yẹ kó ní 325 V á ní nǹkan bíi 226. Ẹ má wọn iná nígbà tí pọ́ǹpù dákẹ́; ẹ wọ̀n ọ́ nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ 220 ní mítà ilé, tó wá jẹ́ 180 lójú dráìfù, a jẹ́ pé ọ̀nà ni iná ń sọnù sí: wáyà tín-ín-rín, tàbí ojú kan tó ti dẹ̀, tó ń gbóná.

*Omi kò lágbára, lẹ́yìn náà ó ní ẹrù pọ̀ jù.* Ẹ ka àkọlé mọ́tò. Tí wọ́n bá kọ 230/400 V sí i, tí dráìfù yín sì ń mú 230 V jáde, ìso dẹ́tà ló yẹ kó wà. Tó bá jẹ́ sítáà ni wọ́n so ó, ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún fóltéèjì rẹ̀ ló ń rí, agbára ìyípo rẹ̀ á sì já sí ìdá kan nínú mẹ́ta. Kò sí rísẹ́ẹ̀tì tó lè tún ìyẹn ṣe. Pọ́ǹpù féèsì kan tó ní kàpásítọ̀ tirẹ̀ náà wà. Ìyẹn kò bá irú dráìfù yìí lọ rárá.

*Kọ́rẹ́ǹtì kéré ju bó ṣe yẹ, ó sì pa.* Ìyẹn lè túmọ̀ sí pé omi ti tán nínú kànga. Omi ló ń mú kí mọ́tò inú bọ́hólù tutù. Tó bá ń yí lórí òfo, yóò jóná. Ẹ jẹ́ kó sinmi kí omi sun padà.

Ẹ fi èyí ṣe jẹun: pọ́ǹpù bọ́hólù tàbí fáànù tí ẹ dín eré rẹ̀ kù sí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lè lo nǹkan bí ìdajì iná tó ń lò tẹ́lẹ̀, torí 0.8 × 0.8 × 0.8 jẹ́ 0.51. Ṣùgbọ́n tí kànga bá jìn, ẹ má dín in kù débi tí omi kò ní lè gòkè mọ́.

Ogun Waterside: ọ̀tá tí a kò rí

Ní Abígí, Ìbíadé, Ìwòpin àti Makun-Omi, omi kò jìnnà síni. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, bí a bá sì ṣe ń sún mọ́ òkun ni iyọ̀ ń wà nínú rẹ̀. Omi àti iyọ̀ papọ̀, ọ̀nà iná nìyẹn.

*Òjò rọ̀ mọ́jú, ó fẹ́ gbéra láàárọ̀, ó ní iná ń jò sílẹ̀.* Ó lè jẹ́ pé ìrì ti wọ inú mọ́tò tàbí àpótí ìso wáyà rẹ̀. Oníná ní láti fi mítà tó ń fi 500 V dán ìbòrí wáyà wò, àmọ́ kó kọ́kọ́ tú wáyà mọ́tò kúrò lára dráìfù pátápátá. 500 V yẹn lè ba IGBT jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Tí ohun tó rí kò bá tó mẹ́gáóòmù 1, kí ẹnikẹ́ni má tan mọ́tò yẹn. Ẹ gbẹ ẹ́, ẹ dí ojú ibi tí omi ń gbà wọlé, ẹ tún un wọ̀n.

Ìwòpin yìí ni ìjọba àpapọ̀ kọ́ ọ̀kan nínú iléeṣẹ́ bébà mẹ́ta rẹ̀ sí. Jebba àti Oku-Iboku ni méjì yòókù wà. Ibi tí wọ́n bá ti ń ṣe bébà, ọ̀pọ̀ rólà ló gbọ́dọ̀ máa yí ní eré tó bára mu. Bí ẹyọ kan bá pa, bébà á ya, gbogbo ìlà iṣẹ́ á dúró. Ẹ rí i pé ẹni tó lè ka kóòdù kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ níléeṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ mẹ́fà láti mọ ibi tí wàhálà wà

1. Ẹ kọ kóòdù sílẹ̀, pẹ̀lú Hz, kọ́rẹ́ǹtì àti fóltéèjì tó wà lójú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ dráìfù ló ń tọ́jú àwọn kóòdù àtijọ́ náà. Ẹ wò wọ́n.
2. Ẹ pa iná, ẹ ti bíréékà pa kí ẹlòmíì má lọ tàn án, ẹ dúró, ẹ wọn àmù.
3. Ẹ fi ojú wò ó: ojú wáyà tó dẹ̀, ibi tó dúdú, eruku, ọmọńlé tó kú sáàárín wáyà.
4. Kí oníná tú wáyà U, V, W kúrò, kó tan dráìfù láìsí mọ́tò. Tó bá ṣì ní kọ́rẹ́ǹtì ga jù, inú dráìfù ni àìsàn wà. Tó bá ṣiṣẹ́, ẹ wá a sára wáyà, mọ́tò tàbí ẹrù. (Àwọn dráìfù kan á ní féèsì ìjáde sọnù torí kò rí mọ́tò; ìyẹn kì í ṣe àìsàn tuntun.)
5. Ẹ pa á, ẹ wọn àmù lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ yọ bẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi ọwọ́ yí mọ́tò. Ẹ wọn wáyà inú rẹ̀ ní méjì méjì: iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ bára mu.
6. Ẹ dá nǹkan padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: mọ́tò láìsí ẹrù, lẹ́yìn náà ẹrù. Ibi tí kóòdù bá ti padà wá ni ìdí ọ̀rọ̀ wà.

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe

Ẹ má so iná NEPA tàbí jẹnẹrétọ̀ mọ́ U, V, W láéláé. Dráìfù á lọ pátápátá. Ẹ má gbé ààlà kọ́rẹ́ǹtì kọjá ohun tí wọ́n kọ sára mọ́tò kí kóòdù lè dákẹ́. Wáyà inú mọ́tò ló máa jóná dípò rẹ̀. Ẹ má fi wáyà kọ́pà rọ́pò fíúùsì. Dráìfù tòkunbọ̀ tó ti wà nílẹ̀ fún ọdún bíi méjì, ẹ má fún un ní iná kíkún lẹ́ẹ̀kan náà. Kí oníná gbé fóltéèjì rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ kí kàpásítọ̀ lè jí padà.

Èyí tó burú jù: ẹ má ṣe jẹ́ kí dráìfù máa tan ara rẹ̀ padà lórí ayùn tàbí ẹ̀rọ ìlọ̀. Ẹni tó rò pé ẹ̀rọ ti dúró lè ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Dráìfù á jí láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ dán ara yín wò

*Ìbéèrè 1:* Ẹ̀rọ ń gbéra dáadáa, ó ń lagi dáadáa, àmọ́ tí wọ́n bá fẹ́ dá a dúró ló ń ní fóltéèjì ga jù. Ṣé kí wọ́n pe àwọn oníná ìlú ni?
*Ìdáhùn:* Rárá. Kẹ̀kẹ́ ló ń da iná padà sínú àmù. Kí wọ́n fi kún àkókò ìdúró.

*Ìbéèrè 2:* A tú mọ́tò kúrò, dráìfù ṣì ń ní kọ́rẹ́ǹtì ga jù. Ṣé kí a gbé mọ́tò lọ fún àwọn tó ń rìwáìn?
*Ìdáhùn:* Ẹ má náwó yẹn. Ohun tí a rí kò bá mọ́tò wí. Ẹnu ìjáde dráìfù ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

*Ìbéèrè 3:* Wọ́n ti pa bíréékà ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn, iná ojú dráìfù sì ti kú. Ṣé ó ti yá láti fọwọ́ kàn án?
*Ìdáhùn:* Ó tì o. Ojú ló kú, àmù ṣì lè kún. Ẹ dúró, kí ẹ wọ̀n ọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ iná tàbí tẹ́ ẹ ń kọ́ ọ lọ́wọ́, ẹ wá ìwé kékeré kan, kí ẹ so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí dráìfù. Ọjọ́, kóòdù, ìgbà tó pa, ohun tí ẹ ṣe: nǹkan mẹ́rin péré ni kí ẹ máa kọ sínú rẹ̀. Bí oṣù mẹ́ta bá fi kọjá, ìwé yẹn á ti mọ ẹ̀rọ yín ju oníná àlejò èyíkéyìí lọ.